Ẹ̀rín Tí Ó Ṣáájú Ikú Bọ̀dé

Èmi Bísóyè, tí mo ń tẹ ìwé tí mo sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìkòsí, ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bí Bàbá ti ń sọ ọ́. Àgbàlagbà ni wọ́n ní àdúgbò wa, wọn kò sì kàwé. Wọ́n ní bàbá àwọn tó ti kú ni àwọn fẹ́ kọ lẹ́tà sí. Mo bi wọ́n pé ta ni yóò kà á, wọ́n ní ìyẹn kò kàn mí. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ tún un ṣe, bí ó bá ti jáde lẹ́nu àwọn ni kí n kọ ọ́. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ kó wà lórí ìwé ni pé wọ́n mọ ara wọn: ohun tí wọ́n bá fi ẹnu lásán sọ lónìí, wọ́n lè jiyàn rẹ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n wọn kò ní lè jiyàn àtẹ̀ka tiwọn.

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Èmi ọmọ yín tí ẹ máa ń pè ní olórí kunkun ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀. Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún nìkan ni kò fẹ́ gbọ́ tèmi mọ́, àwa méjèèjì sì jọ ń fà á. Omi tún wọlé ní Ajégúnlẹ̀ lásìkò òjò tó kọjá. Àwọn ọmọ ní kí n kó wá sọ́dọ̀ àwọn ní Ìkòsí, mo kọ̀. Omi dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo kọ̀. Ìgbà tí ẹja kékeré kan gba abẹ́ àga mi kọjá bí ẹni tó sanwó ilé ni mo tó gbà. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ilẹ̀ yẹn. Odò ló ni ín, a kàn ń yá a lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni.

Àkùrọ̀ wa ti di ilé. Ibi tí ìrèké yín wà, wọ́n ń mọ búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Ibi tí ààlà wà ti di gọ́tà. Mo lọ wò ó kí n tó kó kúrò. Pèrègún kan ṣoṣo ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà náà, ẹnì kan sì ti so okùn aṣọ mọ́ ọn. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń bó ìrèké, tí ẹ máa ń gé ìdí rẹ̀ fún mi nítorí ibẹ̀ ló dùn jù, tí ẹ̀yin á máa jẹ orí rẹ̀ tí kò ládùn, tí ẹ á ní orí ni ẹ fẹ́ràn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé irọ́ ni.

Nítorí Tóyọ̀sí ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ọmọ Káyọ̀dé ni, Káyọ̀dé ọmọ mi tí ó ti wá bá yín lọ́hùn-ún. Bóyá òun náà ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín. Ọmọ tó ga ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ògùdù, ó sì lẹ́nu bí ìyá yín. Ó fẹ́ lọ sílé ọkọ. Délé ni orúkọ ẹni tó fẹ́ fẹ́. Ọmọ-ọmọ Ìdòwú ni.

Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ orúkọ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó dìde.

Nígbà tí ẹ ń lọ, ẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹ ní Ìdòwú ló pa Bọ̀dé àbúrò yín, nítorí náà n kò gbọdọ̀ jẹ, n kò gbọdọ̀ mu nílé rẹ̀ títí n ó fi kú. Mo ṣèlérí. Ẹ sì mọ̀ pé bí mo bá ti di nǹkan mú, n kì í jù ú sílẹ̀. Èmi fúnra mi ló fi kún un pé ọmọ mi kankan kò ní fẹ́ síbẹ̀. Kétu ni Ìdòwú ń gbé, kò jìnnà. Bí mo bá rí i ní ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀nà Ìkòròdú, mo máa ń sọdá sí òdì kejì, pẹ̀lú gbogbo ọkọ̀ tó ń sáré níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, kẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi. Ẹni tó ń wà á yọrí jáde, ó ní, "Bàbá, ṣé ikú ni ẹ ń wá ni?" Mo ní ọ̀tá ni mò ń sá fún. Ó ní kí n máa wo ọ̀tún wo òsì kí n tó máa sá fún ọ̀tá.

Nígbà tí Tóyọ̀sí mú Délé wá kí mi, ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo bi í pé ọmọ ta ni. Ó sọ. Mo dìde, mo wọ yàrá, mo sì ti ilẹ̀kùn. Títí ó fi lọ, n kò jáde.

Tóyọ̀sí wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Bàbá, mi ò ní bá yín jà," ó ní. "Ṣùgbọ́n Daddy mi ò sí mọ́. Ẹ̀yin lẹ máa fà mí lé ọkọ lọ́wọ́. Tí ẹ ò bá jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, kò ní sí mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ kankan."

Mo ní, "Máa dúró nígbà náà."

Ó ní, "A jọ máa dúró ni, Bàbá."

Ẹ ò rí i pé ara wa ni. A dúró lóòótọ́. Ó ń gbé oúnjẹ wá fún mi, ó ń kí mi láàárọ̀, kò sì sọ̀rọ̀ náà mọ́. Délé kò wá mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Mo rí i, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ibi tí a dé nìyẹn nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wọn ṣe eré lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, nínú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Tóyọ̀sí ní kí n wá wo òun. Mo ní n kò lọ. Ó ní kò burú, pé wọ́n á pín ìrẹsì níbẹ̀ ṣá. Mo lọ.

Eré ìfẹ́ ni, Bàbá. Ilé méjì ló wà nínú rẹ̀, ògiri kan ló là wọ́n láàárín, àwọn ìyá inú ilé méjèèjì kì í kí ara wọn. Ọmọkùnrin ilé kìíní fẹ́ràn ọmọbìnrin ilé kejì. Á fo ògiri wá, á já sínú agbada ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ, á sì máa fi ẹnu tó kún fún ẹ̀gẹ́ sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ọmọbìnrin náà ní ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní Jagun. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Tìmótì, tó ń ta fóònù ní Kétu, ló ṣe é. Ọmọ náà mọ eré ṣe jù! Gbogbo ìgbà ni Jagun ń fọ́nnu, gbogbo ìgbà ló sì ń ṣubú. Ó gun àpótí láti fọ́nnu, àpótí ṣẹ́. Aránṣọ rán agbádá fún un, agbádá náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ṣubú lulẹ̀. Bó bá ti ṣubú báyìí, ìyá rẹ̀ á jáde pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ tí wọ́n fi àwo dé, á pariwo pé, "Jagun! Wá jẹun, kí ó má baà tutù!" Gbogbo gbọ̀ngàn á bú sẹ́rìn-ín.

Tóyọ̀sí ló ṣe ìyá náà. Wọ́n di ìdí fún un, wọ́n we gèlè gàgàrà fún un, ó ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ. Èmi náà rẹ́rìn-ín débi pé omi jáde lójú mi.

Ìgbà tó yá, Jagun mọ̀ pé ọmọ ilé kejì ń fo ògiri wá wo àbúrò òun. Ó dúró dè é pẹ̀lú àdá pákó tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Ọmọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́, ó ní òun kò fẹ́ jà, pé àwọn yóò di àna láìpẹ́. Jagun kò gbà. Ó ju àdá sílẹ̀, ó ní kí àwọn fi ìjàkadì yanjú rẹ̀, kí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ gba kámú. Wọ́n wọ ìjàkadì. Ọmọkùnrin náà gbé Jagun, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ẹní. Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Tèmi náà wà níbẹ̀.

Ọmọkùnrin náà na ọwọ́ sí i láti gbé e dìde. Jagun kò wo ọwọ́ náà. Àwa tó ń rẹ́rìn-ín ló ń wò. Ó wò wá láti ìlà iwájú dé ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú aláwàdà mọ́. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá àdá.

Bàbá, n kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo fi ọ̀pá mi lu ilẹ̀. Mo pariwo, "Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́! Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹ jẹ́ kí ó dìde ná!"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n rò pé mo wà nínú eré ni. Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fa aṣọ mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó, eré ni o."

Jagun mú àdá. Ọmọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ ṣubú. Ọ̀kan dìde, ọ̀kan kò dìde. Àwọn èèyàn ṣì ń rẹ́rìn-ín, nítorí ṣíṣubú ni wọ́n mọ̀ mọ́ Jagun, wọ́n sì ń dúró de ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Tóyọ̀sí jáde pẹ̀lú abọ́ tí a dé. Ó pariwo, "Jagun! Wá jẹun, kí ó má baà tutù!" Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ níwájú, kò dé ẹ̀yìn. Ó tún pè é, ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá, ìpè kan náà ni. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọmọ náà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn kò mú nǹkan tuntun kankan wọlé lẹ́yìn ìyẹn. Ògiri kan náà ni. Agbádá tó tóbi yẹn ni wọ́n fi bo òkú rẹ̀, ó sì bò ó dáadáa. Ọmọkùnrin náà tún fo ògiri, ṣùgbọ́n ó fò ó lọ ni, kò padà mọ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, gbogbo ohun tí wọ́n bà jẹ́ nínú eré náà ló ṣeé tún ṣe. Bí wọ́n bá parọ́, wọ́n lè bẹ̀bẹ̀. Bí ìyá méjì kò bá kí ara wọn, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kú, ìyẹn kò ṣeé tún ṣe, ó sì sọ gbogbo èyí tó kù di ohun tí kò ṣeé tún ṣe mọ́ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò lè fẹ́ ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì lè kórìíra rẹ̀. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ tí ẹnì kankan kò ṣí. Wọ́n pa iná. Ó parí síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì, Tìmótì wá kí mi, ó ti jí dìde, ó ń làágùn. "Bàbá, ẹ fẹ́ gba eré mọ́ mi lọ́wọ́ o! Ẹ̀yin ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún jù."

Mo ní, "Ìwọ, ta ló ní kí o kú? Ṣé o kò rí i pé ìgbéyàwó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹni tó kọ ọ́ ló pa mí. Tí mi ò bá kú, ẹ̀rín la ó máa rín lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú."

"Kí wá ni ẹ̀rín ṣe yín?"

Ó fún mi ní ẹran kan sí i.

Lójú ọ̀nà ilé, mo ti gbà lọ́kàn mi pé Tóyọ̀sí ló lọ sọ ọ̀rọ̀ ilé wa fún wọn, tí wọ́n fi ṣeré fi mí ṣẹ̀sín. Mo bi í léèrè. Ó dúró sójú títì.

"Bàbá, ìwé tí wọ́n rà ni. Mo fi Ọlọ́run búra. Èwo ló jọ ọ̀rọ̀ ilé wa níbẹ̀? Ṣé bí àdá ṣe pa Bàbá wa Bọ̀dé ni?"

Mo ní, "Ẹ̀rín yẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀rín wo?" ó ní. "Ẹ ò sọ pé ẹ̀rín wà ńbẹ̀ rí."

Bàbá, òótọ́ ló sọ. N kò sọ ọ́ rí. Ẹ̀yin náà kò sọ ọ́ rí. Orí àdá ni gbogbo wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí, nítorí èmi àti Ìdòwú nìkan ló kù nínú àwọn tó wà lóko lọ́jọ́ náà. Odò ti kún, ó ti fà sẹ́yìn, ó sì ti wú pèrègún ààlà lọ bí ó ti máa ń ṣe. Ọdọọdún ni ilé méjèèjì máa ń pàdé láti tún un gbìn. Lọ́dún yẹn, ẹ ní poro ìrèké kan jẹ́ tiwa, wọ́n ní tiwọn ni. Poro kan péré. Kò sí ẹni tó bínú. Ẹ̀yin àgbà ní kí àwọn ọ̀dọ́ fi ìjàkadì yanjú rẹ̀, kí ilé ẹni tó bá ṣubú fi poro náà sílẹ̀, kí gbogbo wa sì jẹ ìrèké lé e. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bọ̀dé jáde fún wa, Ìdòwú jáde fún wọn. Oṣù díẹ̀ ni Bọ̀dé fi jù mí lọ. Ẹ bá mi jà títí pé kí n máa pè é ní Bọ̀ọ̀dá, n kò gbà, àwa méjèèjì sì ń fi yín rẹ́rìn-ín. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà ló ti ń fọ́nnu pé òun yóò da Ìdòwú sódò bí omi ọṣẹ.

Èmi wà nísàlẹ̀ létí odò, mò ń bomi rin ẹ̀fọ́. N kò rí i. Mo gbọ́ ọ ni. Mo gbọ́ ẹ̀rín yín. Ẹ ní ẹ̀rín kan nígbà yẹn tó máa ń ti inú ikùn wá, bí ẹni ń yí àgbá òfìfo lórí òkúta, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ ọ tí kì í ràn. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú agolo omi lọ́wọ́, n kò mọ ohun tí ẹ ń rín. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ igbe.

Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n tó dẹ́kun láti máa sọ ọ́. Ìdòwú gbé e ṣánlẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí i. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ni gbogbo ilé wa bá tẹ̀ lé yín. Bọ̀dé kò wo ọwọ́ Ìdòwú, ẹ̀yin ló wò. Ìgbà náà ló mú àdá tí a fi ń gé pèrègún. Ìdòwú di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ ṣubú, àdá wà láàárín wọn. Ìyá Àgbà tó bí ẹ̀yin àti Bọ̀dé kò tíì gbọ́. Wọ́n ti bo oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ ní abà, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pè é pé kí ó wá jẹun, kí ó má baà tutù. Ohùn yẹn ni mo gbọ́ lẹ́nu Tóyọ̀sí, ọmọ tí kò fojú kan Ìyá Àgbà rí.

Ẹnì kankan kò gbọ́ ẹ̀rín yín mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Bí nǹkan bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ á wolẹ̀. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ni. Ṣé nítorí ẹ̀rín yẹn ni? Ṣé ẹ rí ojú rẹ̀ nígbà tó wò yín? Ṣé ìdí nìyẹn tí ẹ fi ní kí n má dé ilé Ìdòwú, kí ó má baà sọ fún mi pé òun na ọwọ́? Ẹ kò ní dá mi lóhùn, mo mọ̀. Ẹ kì í sábà dá mi lóhùn nígbà tí ẹ wà láyé náà.

N kò dá yín lẹ́bi. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín sí ẹni tí wọ́n dá nínú ìjàkadì. Mo ṣe é ní gbọ̀ngàn, mo sì ti dàgbà jù yín lọ báyìí.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí Tóyọ̀sí pe Délé wá. Mo bi í pé irú èèyàn wo ni bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ nínú ilé. Ó ní, "Wọ́n jẹ́jẹ́, sà. Ohun kan ṣoṣo ló ń bí wọn nínú. Tí ọmọ kan bá ṣubú nílé wa, ẹnì kankan ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a wà ní kékeré, wọ́n máa ń lé wa jáde torí ẹ̀. A ò mọ ìdí."

Mo mọ ìdí. N kò sọ fún un. Mo ní kí ó lọ sọ nílé pé kí wọ́n wá.

Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀, Bàbá, n ó sì jókòó síwájú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún sọ fún yín pé mo ti dárí ji Ìdòwú. N kò tíì débẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé n kì í sáré. N kò sì ba ìlérí mi jẹ́. Ẹ ní kí n má jẹ, kí n má mu nílé rẹ̀. Ẹ kò sọ pé kí òun má jẹun nílé mi. Èyí tí mo fi kún un lórí ìgbéyàwó, tèmi ni, mo sì ti yọ ọ́.

Délé ní bàbá àgbà òun yóò bá wọn wá, ṣùgbọ́n Ìdòwú ní inú ọkọ̀ lòun yóò jókòó sí, òun kò ní wọlé mi. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n kò lè fi agídí borí mi. Tóyọ̀sí yóò se oúnjẹ, n ó ní kí ó fi àwo dé ti Ìdòwú lọ́tọ̀. N ó fi orúnkún mi tí kò gbọ́ràn yìí rìn jáde, n ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, n kò sì ní kúrò níbẹ̀. N ó sọ fún un pé: Ẹ̀gbọ́n Ìdòwú, ẹ wá jẹun, kí ó má baà tutù.

Èmi ni,
ọmọ yín tí kò gbọ́ràn sí yín lẹ́nu rí, tí kò sì fi ọjọ́ kan ṣíwọ́ láti fẹ́ràn yín.

Àtẹ̀ka Bàbá nìyí, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ni wọ́n tẹ̀. Wọ́n ní ti ọ̀tún ti gbó nídìí ọkọ́.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Tóyọ̀sí, ọmọ-ọmọ wọn.

Ẹlẹ́rìí kejì: Délé, ọmọ-ọmọ Ìdòwú ní Kétu, tó ń dúró de Tóyọ̀sí níta ṣọ́ọ̀bù, tí Bàbá sì ní kí n pè wọlé.